Òdo Ni Òní

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Bàrígà.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní kíláàsì l'Ákọkà. Lẹ́kọ́rà ní ká sún sígínà, àwọn àmì tó tò sórí ìlà nọ́ńbà lójú pátákó, sápá ọ̀tún ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Mo kà á sókè, mo ka òdo tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, bí Màámi ṣe ń ka ọjọ́: òní, àná, ìjẹta. Mo bá dúró sórí méjì dípò mẹ́ta.

“Òdo lòní o, ọ̀gbẹ́ni!” ni lẹ́kọ́rà wí.

Sígínà náà ṣì wà lójú mi, àmì kọ̀ọ̀kan dá dúró bí òpó nínú ọ̀sà, kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

Nígbà tí mo délé, mo bá Màámi létí omi.

“Ìjẹta ni bàbá ẹ gbọ́kọ̀ lọ pẹja, kò tíì dé. Ọjọ́ kẹta rèé.”

Mo fẹ́ sọ pé ọjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n àtàárọ̀ ni Màámi ti ń wo omi. Ta ló máa sọ fún wọn pé òdo lòní?