Dókítà Yíjú-Sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti Àgbọ̀n Bàbá Wọn

Ní ọdún 1951 ni a bí ẹ̀gbọ́n wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa ti ń gẹrun. Àwọn ni àkọ́bí onígbàjámọ̀ àti aránṣọ. Ìdílé bàbá wa kì í ní àgbọ̀n. Ẹ má bínú pé a sọ ọ́ lójú òkú. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn kì í fi pamọ́. Láti ètè ìsàlẹ̀, ojú bàbá kàn rọra wọ inú ọrùn lọ ni.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́. Àwa tí a ti pẹ́ lókè òkun ṣì ń gbóòórùn ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ibẹ̀. Lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ẹ̀gbọ́n wa á máa wo bí bàbá ṣe ń fi irùngbọ̀n mú àgbọ̀n gùn fún ẹni tí tirẹ̀ kúrú. Àwọn oníbàárà a máa yọ bàbá lẹ́nu: “Bàbá, tiyín dà? Àbí ẹ ti gẹ ẹ́ mọ́ irun?” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dá irùngbọ̀n sí láyé wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa gboyè dókítà ní 1976, wọ́n sì yan iṣẹ́ abẹ ojú. Àwọn tí iná jó ń wá, àwọn tí inú wọn kàn ń bàjẹ́ níwájú dígí náà ń wá. Wọ́n á mú wọn jókòó ti fèrèsé, wọ́n á ní, “Yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́,” wọ́n á fi rúlà kan ṣóńṣó imú àti àgbọ̀n, wọ́n á wo ibi tí ètè bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ tó ní kí wọ́n bá òun gé imú ni wọ́n sọ fún pé, “Imú rẹ ò gùn. Àgbọ̀n rẹ ló sá sẹ́yìn.” Inú “Yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́” yẹn ni ìnagijẹ wọn ti wá.

Bàbá wa kú ní 1979. Ní 1981, ọ̀gá wọn ní ilé ìwòsàn ní, “Ta ló máa gba àgbọ̀n lọ́wọ́ dókítà tí kò ní?” Wọ́n gbà kí ó la inú ètè wọn, kí ó sì ki róbà kékeré kan sí àgbọ̀n wọn. Iṣẹ́ náà dára. Ojú wọn gún régé. Wọ́n wá sílé, màmá wa dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: “Ẹ káàbọ̀, mà. Aṣọ wo lẹ fẹ́ rán?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, títí tí wọ́n fi wo ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ wọn.

“Ó dára, ọmọ mi. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ níbo ni n ó ti máa rí bàbá yín báyìí?”

Ọ̀gá wọn kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún la ibẹ̀, ètè lè kú, iṣẹ́ wọn náà sì lè kú. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí ó yọ róbà náà. Láti ìgbà náà ni ètè ìsàlẹ̀ wọn ò ti mọ gbígbóná tíì mọ́, tí áńkáṣíìfù ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ò kú ní tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé, “Dókítà, tiyín ńkọ́?” wọ́n á ní, “Tèmi ní ẹni tó ń wò ó.”

Ní 1984, wọ́n fẹ́ oníṣègùn eyín kan, ẹni jẹ́jẹ́, tó ní òun ò wo ìsàlẹ̀ ju eyín lọ. Wọn kì í pa àdúrà àárọ̀ jẹ. Fún àwọn ọmọdé tí iná jó, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá wa lọ ní 1998. Ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ní, ẹni tó ń wò ó ti lọ, ṣé wọn ò ní dá róbà náà padà? “Ó ti di èmi tó ń wò ó,” ni ẹ̀gbọ́n wa wí.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti àwa àbúrò sáyé lọ.

Ẹ sùn re, ẹ̀gbọ́n wa. Bí ẹ bá kanlẹ̀kùn lọ́hùn-ún, màmá ò ní bi yín pé ta ni.