Ẹ̀yìn Bọ̀wálé Kò Kan Ilẹ̀

                                                  Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                                  Òpópónà Ọjà,
                                                  Ìpele, nítòsí Ọ̀wọ̀,
                                                  Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1987.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Sylvanus,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Margaret ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé Haúsá kò tíì gba Yorùbá tán lẹ́nu wọn? Ọyẹ́ yín tó máa ń la èèyàn lẹ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti dé? Mo gbà pé ara yín le. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Monica ìyàwó mi ní kí n bá òun kí yín. Ó ní aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ wu òun, àmọ́ ẹni tó rán an kò mọ̀ pé òun ti sanra. Ara Màmá yín le. Ọkàn wọn ni kò balẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n sì ní kí n jókòó kọ̀wé yìí sí ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ètò eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ wa lé mi lọ́wọ́, èmi ni gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ ń pè wá ka ayò, irú eré yòówù kó jẹ́. Iṣẹ́ tí kò lówó tí kò lọ́pẹ́ ni, èébú nìkan ló pọ̀ níbẹ̀. Góòlù ni àwọn èèyàn wa mọ̀, wọn kò mọ nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí à ń gbá tẹníìsì orí tábìlì, ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ń pariwo “Góòlù!” ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ sílẹ̀. Mo ní póìǹtì là ń pè é, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ní mọ́kànlélógún ló borí. Ó ní ta ló fẹ́ jókòó ka góòlù mọ́kànlélógún, ṣé kò sí iṣẹ́ nílé wọn ni? Ti tẹníìsì orí pápá tún wá burú jù. Ẹni tó bá gba ẹyọ kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún là ń kà fún un. Tó bá tún gba ẹyọ kan, ọgbọ̀n. Bàbá Ignatius, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, wò mí títí, wọ́n ní kí n rọra o, pé ọmọ ìlú yìí ni àwọn náà, kí n má ṣe rẹ́ àwọn jẹ.

Mo kọ́kọ́ fi èyí pa ọ́ lẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ẹ̀rín nínú ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Akínbọ̀wálé àbúrò rẹ ni.

O rántí Hàmídù, sójà tó fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí Bọ̀wálé wọ ẹgbẹ́ wọn, inú rẹ dùn, o tilẹ̀ fi bàtà ránṣẹ́ sí i. Èmi náà dunnú. Ìgbà tí wọ́n fi mí ṣe ẹni tí yóò máa ka póìǹtì wọn ni ojú mi tó là. Nínú bọ́ọ̀lù, àwọ̀n là ń gbá a sí, kò sì dun àwọ̀n. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, orí èèyàn ni àwọ̀n. Kò sí póìǹtì tí mo kọ fún ẹnì kan tí kì í ṣe pé orí ẹnìkejì ni mo ti bù ú.

Òfin rẹ̀ kò le. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bá bà jù ló ni póìǹtì. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tàbí tó fi orúnkún kan ilẹ̀, rẹ́fàrí yóò lé ẹnìkejì sẹ́yìn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Tó bá ka mẹ́wàá tí ẹni náà kò dìde, nọ́kàáòtù nìyẹn, ó ti parí. Tó bá dìde kó tó pé mẹ́wàá, ìjà ń lọ. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kúnlẹ̀ ni, wọn a mí, ojú wọn a wálẹ̀, wọn a wá dìde. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ ilé yín? Ilé oníjàkadì! Nínú ìjàkadì tiwa, kò sí póìǹtì, kò sí pé à ń kà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Kò sí ẹni tó dá ọ rí ní Ìpele yìí títí o fi gba iṣẹ́ ìjọba lọ. Ohun tí o sì máa ń sọ fún Bọ̀wálé nígbà tí ẹ bá ń jà ní ẹ̀yìnkùlé ni pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì borí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló gbé wọ inú ìjà ẹ̀ṣẹ́.

Nínú ìjà tó jà kẹ́yìn ní Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́ kan lù ú lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń kọ póìǹtì fún ará Ìkàrẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ẹsẹ̀ Bọ̀wálé ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀, Hàmídù ń kígbe sí i pé kó kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀. Ó dúró. Àwọn èèyàn wa sì ń hó lé e lórí pé, “Ọma ulé wa é è ṣubú!” Nígbà tí mo kéde pé ará Ìkàrẹ́ ló borí, èèpo ọsàn ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní irú kíkà wo ni mo kà, tí ẹni tó dúró gbọingbọin fi pàdánù? Wọ́n gbé Bọ̀wálé lé èjìká, wọ́n kọrin dé ilé. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ibòmíràn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, Sylvanus, kò sì tíì kúrò lára mi.

Láti ìgbà náà ni ọmọ náà kò ti ṣe déédéé mọ́. O mọ bó ṣe mọ iṣẹ́ káfíńtà tó. Àwọn Kátólíìkì gbé bẹ́ǹṣì fún un ṣe, ó sì fá igi gidi títí tí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó ṣì ń fá a lọ nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀kùn kan, ó ní òun ń lọ gbé e fún oníṣẹ́ ní Emùrè-Ilé. Arímògìjà, tí kò sí lọ́nà ibẹ̀ rárá, ni wọ́n ti rí i, ó jókòó ti ilẹ̀kùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń bi àwọn tó ń bọ̀ láti oko pé ibo ni òun wà. Agatha ẹ̀gbọ́n Monica, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ lójú gbogbo wa pé ẹ̀ṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ba orí yẹn mọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, Bọ̀wálé yóò bá sójà kan jà ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní orí nìkan ni sójà náà máa ń wá. Hàmídù ti ní òun kò bá wọn lọ. Wọ́n ní kí n wá ka póìǹtì, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti háyà bọ́ọ̀sì, ìlù ti dé, wọ́n sì ń kọrin kọjá lójúde yín ní ìrọ̀lẹ́. Ìlú ń yọ̀, èmi ń gbọ́ ọ bí orin ìsìnkú.

Mo pe Bọ̀wálé, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ní, “Bọ̀dá mi é è kúnlẹ̀ fún ẹnìkan rí.” Màmá yín tìkára wọn wá kúnlẹ̀ fún un. Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, Sylvanus! Ó gbé wọn dìde, ó sunkún, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má kọ́ òun ní ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà Màmá kì í jẹun kánú.

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Gbogbo wa ti sọ ọ́, kò wọ̀ ọ́ létí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa ló ń tẹ̀ lé. Tìrẹ ni. Mi ò bá ọ wí o, ọ̀rọ̀ tí o sọ tọ̀nà fún ìjàkadì. Àmọ́ ìwọ lo fi lé e lórí, ìwọ nìkan ló lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Bá mi kí Margaret púpọ̀púpọ̀. Bá mi kí Olúyọmí ọmọ wa, sọ fún un pé mo gbọ́ pé ó gbá góòlù sílé ara wọn. Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyí kí Bọ̀wálé tó wọlé bá mi. Mo sọ fún un pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kí ọ nísàlẹ̀. Ó gba báírò, ó jókòó, ó dì í mú pẹ́ títí. Ó wá bi mí pé ta là ń kọ̀wé sí. Mo ní, “Sylvanus ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó dá báírò padà fún mi, ó ní kí n má wulẹ̀ fi bébà ṣòfò, pé o máa tó ti oko dé.

Má fèsì lẹ́tà yìí. Wá.

                                                  Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí oorun kò kùn mọ́,
                                                  Boniface.