Sàráà Mi àti Àkùkọ Ojú Ọ̀run

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ̀nà, 1998

Èmi Stancu Buzatu ni mò ń sọ ọ́, Mioara ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Bàbá mi àgbẹ̀ kò rán mi lọ sílé ìwé. Ó ní àgbàdo kì í bèèrè ẹni tó mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún Mioara: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe. Ó ní òun gbọ́.

Sorin ọmọ mi wá jẹun lánàá. Ó ní wọ́n fẹ́ dá Àkùkọ dúró. Àkùkọ — orúkọ tí mo sọ bàálù ogun tó ń wà nìyẹn. Idì ni ìjọba ń pè é. Ṣùgbọ́n idì wo ló ń jí gbogbo abúlé láàárọ̀? Èyí ń kọjá lórí òrùlé wa, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Veta ìyàwó mi á sì ní, "Ó ti kọ o, ẹ dìde." Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ju bọ́ǹbù sórí ilẹ̀ ọ̀tá, kó sì máa ya fọ́tò ilẹ̀ láti òkè. Ọ̀tá kò wá. Àlùbọ́sà mi ló ń yà láti ọjọ́ yìí wá.

Wọ́n ní ó ti gbó. Èmi náà ti gbó. Kò tíì sí ẹni tó dá mi dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti pinnu. Màá ṣe sàráà ara mi.

Àwọn àgbà tiwa níbí máa ń ṣe é. O ò ní dúró dìgbà tí o bá kú. O máa bọ́ àwọn èèyàn fún òkú ara rẹ nígbà tí ẹnu rẹ ṣì mọ adùn, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì á pe orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tó ti lọ, ìwọ fúnra rẹ á jókòó sídìí tábìlì. Ó ti pẹ́ tí Veta ti ń bẹ̀ mí, mo ní mi ò tíì kú. Ní báyìí mo gbà. Ṣùgbọ́n Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún ni mo fẹ́, nítorí ọjọ́ yẹn ni Àkùkọ máa fò kẹ́yìn, Sorin ló sì máa wà á. Mo fẹ́ kó gba orí tábìlì mi kọjá, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe nígbà ìgbéyàwó òun àti Mioara, tí ìbòjú Mioara fò lọ há sórí igi.

Mioara ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Gogu aládùúgbò mi dúró sí ẹ̀yìn ọgbà. Ó ní, "Stancu, ṣé o rántí pé àwa nìkan kọ́ la ṣe bàálù yẹn? Àwa àti àwọn ará orílẹ̀-èdè òdìkejì odò Dánúbù ni. Ó yẹ kí o pè wọ́n sí sàráà náà."

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n ṣáà mú ọtí tiwọn wá.

Ó ní ọmọ tó bá ní bàbá méjì, agídí ni yóò yà. Mo ní bàbá kan ṣoṣo lèmi ní, wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Sorin wá. Mo sọ fún un. Ó ń họ ọrùn, bó ti máa ń ṣe ní kékeré nígbà tó bá fọ́ ẹyin. Ó ní ọ̀gá àwọn ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, kò sí eré lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Mo bi í léèrè, èmi àti ọ̀gá, ta ló bí i.

Ó tún họ ọrùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá. Màá wá. Kí ẹ di aṣọ tábìlì mú dáadáa."

Inú mi dùn. Mo bu ọtí. Veta gba ife lọ́wọ́ mi — ó ní inú ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde la wà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àwo kò tó. Veta ti yá ti ìyàwó Gogu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ti àná ni èyí. Mioara kọ̀, kò kọ ọ́ lánàá.

Mò ń sọ bí Sorin ṣe máa wálẹ̀ tó, pé kó rẹlẹ̀ ju àgbélébùú orí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó gbé kálámù sílẹ̀. Kò sunkún, Mioara kì í sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń fetí sí nǹkan yẹn. Tó bá gbéra, mo gbọ́. Tó bá balẹ̀, mo gbọ́. Láàárín méjèèjì, n kì í mí. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà lẹ fẹ́ kó fi ṣeré?"

Mo ní Sorin mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní àwọn tó ti kú sínú bàálù yẹn, tí fọ́tò wọn wà lára ògiri ọ́fíìsì Sorin, àwọn náà mọ iṣẹ́ wọn.

Veta tó ń fọ àwo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò yíjú padà. Ó kàn ní, "Bàbá Sorin, sàráà ta lo fẹ́ ṣe gan-an?"

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá bàálù. Atẹ́gùn dojú kọ mí lójú ọ̀nà, orúnkún ń ké. Àwọn sọ́jà ẹnu ọ̀nà mọ̀ mí, èso mi ni wọ́n ń jẹ lásìkò ìkórè. Wọ́n pe Sorin jáde.

Mo ní kó dúró sókè. Òkè téńté.

Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ yí ọkàn padà?"

Mo ní aṣọ tábìlì náà tuntun ni, mi ò fẹ́ kó fò lọ. Mi ò dárúkọ Mioara. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ àpò àgbàdo kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Sàráà mi. Ẹ̀wà, ewé kábéèjì tí wọ́n fi ká ìrẹsì, àlìkámà sísè tó kún fún oyin. Àlùfáà pe orúkọ mi láàárín àwọn òkú, ọrùn mi tutù.

Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni sàráà kò gbọdọ̀ dìde títí àbẹ́là tí wọ́n tàn fún un fi máa jó tán. Bó bá dìde, sàráà náà kò kà.

Mo dìde.

Ohùn kan tín-ín-rín ni mo gbọ́. Àwọn tó kù kò gbọ́, oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Veta ń fà mí láṣọ. Mioara dá dúró létí kànga, korobá lọ́wọ́, ó ń wòkè. Mo lọ dúró tì í. Àkùkọ wà lókè lọ́hùn-ún, kò ju kóró èso lọ. Ó kọjá. Kò sí àwo tó gbọ̀n. A dúró, àwa méjèèjì, títí a fi gbọ́ tó balẹ̀. Nígbà náà ló tó gbé korobá sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ba sàráà yín jẹ́."

Àlùfáà ní òótọ́ ni, a máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Gogu ní ọgbọ́n ni mo dá, mo fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Veta kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Sorin ló ń kọ ti òní, ìkọ̀wé rẹ̀ kò dáa tó ti ìyàwó rẹ̀. Oòrùn ti mú. Ewúrẹ́ ti ké títí ó fi sú u. Mioara ṣì ń sùn. Látìgbà tó ti wọ ilé yìí, mi ò rí i kó sùn kọjá ìgbà tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ bá dún. Veta lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì nù, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun bí ọkùnrin.

Mo ti ní kí Sorin rọra máa kọ ọ́, nítorí kálámù rẹ̀ ń ha ìwé.