Ohùn Àlàbá Nínú Fóònù Mi

Màámi mi àtàtà,

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Àwọn èèyàn ti ń kọ ebè, ọ̀nà Ìdèrè sì ti tún di ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, èmi nìkan ló kù nínú ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo bá ní kí n kọ̀wé sí yín. Ta ni kí n tún kọ ọ́ sí? Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ohun tó ń dùn mí fún ló ń ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn.

Iṣẹ́ ìwé ti yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, Màámi. Nígbà tí ẹ ń ṣe tíṣà ní Èrúwà, kálẹ́ńdà àtijọ́ ni ẹ fi ń bo ìwé kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ya, ẹ ó sì fi ìka kan ahọ́n kí ẹ tó ṣí ojú ewé. Ní tèmi, fóònù ni mò ń tẹ̀ ṣáá. Mo máa ń wá ohun tó lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ lórí ayélujára: ibi tí ìtàn ọmọdé pọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́, ibi tí olùkọ́ ti lè ṣe ìbéèrè tí ọmọ yóò máa dáhùn bí ẹni ń ṣeré. Bí mo bá rí ọ̀kan tó dára, inú mi á dùn bí ẹni tó he ìgbín lẹ́yìn òjò. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní èmi àti fóònù ti ṣègbéyàwó. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí ẹ ó ní kí n wá kọ́ yín?

Ibẹ̀ ni mo ti rí ètò fóònù kan tí ọmọ lè kàwé sókè sínú rẹ̀, tí yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí òun àti olùkọ́ lè jọ tún un gbọ́. Mo bá dá ìdíje ìwé kíkà sílẹ̀. Ọmọ tó bá ka ìwé kan tán yóò kí wa, yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò sì ka ibi tó wù ú jù sínú fóònù mi. Àwọn kan ń wá ìwé tó tín-ín-rín jù lọ kí wọ́n lè yára parí. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Àlàbá wà lára wọn. Ọmọbìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Mùnírù, bàbá rẹ̀, ti kú. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ ní abà kan lọ́nà Ìdèrè. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò lè ka gbólóhùn kan já. Mo ṣe fún un bí ẹ ti máa ń ṣe fún wa. Mo ka ìtàn dé ibi tó dùn jù, mo pa ìwé dé, mo díbọ́n pé iṣẹ́ ń pè mí. Kí n tó padà, ó ti ṣí i, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó nímú.

Kí ọdún tó yí po, kò sẹ́ni tó lè kàwé bíi tirẹ̀ mọ́. Bó bá kan ọ̀rọ̀ arúgbó, ohùn rẹ̀ á gbọ̀n. Bó bá kan ti ọba, ohùn rẹ̀ á ki. Mo sọ fún un pé òun ni yóò kàwé níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ tí a bá parí ìdíje. Ó ní iwájú pátápátá ni kí n fi ìyá àgbà òun jókòó sí, torí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, etí ló kù.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe é gan-an ni n kò rí i mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí abà wọn. Ìyá Mùnírù ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ibi tí èèpo kù sí. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni Àǹtí Oníwèé, tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ Àlàbá. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, Àǹtí. Ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti wá mú un lọ láàárọ̀ àná.”

“Lọ síbo, Màmá?”

“Ṣàgámù. Ó ní yóò máa bá òun gbé ọmọ, tó bá yá òun á fi í sílé-ìwé.”

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n kó parí sáà yìí ná.”

“Ọmọ mi, kí ni màá fi bẹ̀bẹ̀? Èmi tí n kò rí ọ̀nà oko mọ́? Bí ọlọ́jọ́ bá dé lónìí, ọwọ́ ta ni màá fi í sí?”

Mo mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi sílẹ̀, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́ kan. Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi, ṣé ẹ ì bá rí nǹkan sọ?

Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo yọ fóònù, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí Àlàbá ṣe ń kàwé. Ìyá Mùnírù na ọrùn síbi tí ohùn ti ń wá. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ náà lè kàwé báyẹn. Omi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún. Wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. “Ẹ ṣé, Àǹtí. Ilé-ìwé wà níbí náà.” Ó gé e. Mo fi ìtàn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ fún Àlàbá. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún ọ̀gá wa. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo kọ ọ́ sí àárín àwọn olùkọ́ tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ayélujára; wọ́n fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ yìí, Màámi, kò sí èyí tó lè fa ọmọ kan padà láti Ṣàgámù.

A ṣe ìdíje náà. Ọmọ mìíràn gba ipò kìíní, a pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọjà gbogbo ni Ìyá Mùnírù máa ń ní kí ọlọ́kadà já àwọn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, wọ́n á ká ọwọ́ sórí ẹsẹ̀. Màá tẹ fóònù, Àlàbá á sì bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàsán o. Orúkọ mi ni Àlàbá.” Wọ́n á dáhùn: “Káàsán, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?” Àlàbá kò ní dúró, á máa kàwé rẹ̀ lọ.

Lónìí, nígbà tó kà á tán, wọ́n kọjú sí mi.

“Àǹtí, tí mo bá ń dá a lóhùn báyìí, ṣé ó ń gbọ́ mi?”

Mo fa fóònù sọ́dọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́.

Wọ́n ti lọ báyìí. Ọjọ́ ọjà mìíràn ń bọ̀, wọ́n á sì tún bi mí. Kí ni kí n sọ fún wọn, Màámi? Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, kí ni kí n sọ?

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
tó ṣì fẹ́ràn yín bí ìgbà tí ẹ wà lókè eèpẹ̀.