Mo Ní Kí Ó Di Èémí Rẹ̀

Banikanni, ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Rẹ̀mí, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Rẹ̀mí, má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Mo tẹ̀lé Rẹ̀mí lọ sí adágún omi òtẹ́ẹ̀lì lónìí, níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí rìn lábẹ́ omi. Kó tó wọmi, mo pariwo: "Di èémí rẹ o!" Ó sì dì í títí tó fi gòkè.

Olùkọ́ rẹ̀ bínú: "Màmá, ẹni tó bá di èémí bó ṣe ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́!"

Tèmi ló gbọ́, kò gbọ́ ti olùkọ́. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti délé, mi ò lè jókòó. Ọ̀la ló ń lọ wọ òkun ní Kútọnu.

Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Kọ ọ́: bí o bá gbọ́ ohùn mi lábẹ́ òkun, má dá mi lóhùn. Máa mí.