Pa Á Mọ́, Pa Á Rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Dókítà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú nínú. Máòsì kọ̀ǹpútà ló fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò gbọdọ̀ dì í mú. Mo sọ fún Ọ̀gá Kíákíá, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ni mo wá fẹ́ máa fi kọ ètò kọ̀ǹpútà báyìí. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ipá rẹ́rìn-ín.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Dúdú — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Ojú ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà kan ni, tí ò ní àwòrán kankan, lẹ́tà lásán lórí ilẹ̀ dúdú. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n fi ń darí ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Wákàtí kan gbáko ni mo fi wá bí wọ́n ṣe ń jáde nínú Dúdú. Mi ò rí i. Mo yọ wáyà iná.

Ọjọ́bọ̀, 6
Àwọn àṣẹ inú ẹ̀ ò wọ̀ mí lórí. Lẹ́tà tó ń gé ọ̀rọ̀ ò jọ gígé, èyí tó ń wá nǹkan ò jọ wíwá. Ta ló ní dandan ni kí n há ti ẹlòmíì sórí? Mo ṣí fáìlì àṣẹ, mo sọ gbogbo ẹ̀ di Yorùbá. G, gé e. L, lẹ̀ ẹ́. W, wá a. P tẹ̀lé M, pa á mọ́. P tẹ̀lé R, pa á rẹ́ — mo sì ní tó bá ti fẹ́ pa nǹkan rẹ́, kó má bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ìbéèrè ti pọ̀ jù láyé mi.

Àbúrò mi obìnrin wò ó títí, ó ní ṣé mo máa ń kí i káàárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọwọ́ mi ti yá nínú Dúdú! Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni ètò tí á máa pín àkókò fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan, kí wọ́n yéé tò láti ìdájí. Ó ń jáde wéréwéré.

Baba Máòsì dúró sẹ́yìn mi. Àgbà ọ́fíìsì ni wọ́n, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, kílíìkì-kílíìkì látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe ń ṣe é? Ojú mi ò bá ìka ẹ mọ́." Mo ní kí wọ́n jẹ́ n parí ẹ̀ ná, màá kọ́ wọn. Mi ò kọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọ̀gá Kíákíá ní bí iṣẹ́ yẹn ò bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún, òun á gbé mi lọ sídìí tẹlifóònù kí n máa dá èèyàn lóhùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ ètò. Ó ní tẹlifóònù ò ní pa ọwọ́ mi lára. Ó tún rẹ́rìn-ín. Aláìlójútì.

Inú bí mi débi pé mi ò lè kọ ìlà kan. Mo kàn jókòó ti fáìlì àṣẹ mi, mò ń tún un tò. Gé, lẹ̀. Gé, lẹ̀. Ó kéré tán, ìyẹn ń gbọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo ṣí iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré lọ rí dókítà. Kọ̀ǹpútà Baba Máòsì bàjẹ́, wọ́n jókòó sí tèmi títí mo fi dé. Báàgì ni mo wá mú. P, M. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ó ti lọ. Gbogbo ẹ̀. Fáìlì ò sí níbì kankan. Mi ò sì tíì fi ẹ̀dà kankan síbi ìkópamọ́ ọ́fíìsì, torí mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá Kíákíá máa yọjú sí i kó tó jinná.

Baba Máòsì. Ta ló tún kù? Mo dúró láàárín ọ́fíìsì, mo nàka sí i. Mo ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́." Ìwọ. Fún ẹni tó bá bàbá mi dọ́gbà. Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí wa. Ó ní òun ò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan, máòsì lòun dì mú. Ó ní, "Ọmọ mi, bébà yẹn—" Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bébà, kó lọ pa bébà ẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Kíákíá kọ kúẹ̀rì fún un. Wọ́n gbé tábìlì ẹ̀ lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú mi. Mo rí Baba Máòsì lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò kí i.

Ọjọ́rú, 19
Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ogún ìlà. P, M.

Fáìlì pòórá. Ojú mi ló ṣe.

Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ àfi èmi. Mo ṣí fáìlì àṣẹ. P tẹ̀lé M: pa á rẹ́. P tẹ̀lé R: pa á mọ́. Ọjọ́ tí mò ń fi ìbínú gé, tí mò ń fi ìbínú lẹ̀, mo ti pààrọ̀ wọn. Èmi. Ọwọ́ ara mi. Mo bú Dúdú, mo bú máòsì, mo bú Ọ̀gá Kíákíá, kò sí èyí tó kàn nínú wọn.

Ọ̀túnla ni Ẹtì. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni mo lè fi ọjọ́ kan kọ?

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo kọ̀wé sí Ọ̀gá Kíákíá láàárọ̀ pé kó fa kúẹ̀rì yẹn ya, èmi ni mo ṣe é. Lẹ́yìn náà mo lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Wọ́n jókòó láàárín àwọn àga tó ti kán. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n kó bébà jáde. Mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ mi ni, bó ṣe wà lọ́jọ́ Ẹtì, látòkè délẹ̀. Wọ́n ti fi máòsì tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú àpò fáìlì, láìwọ inú Dúdú, kí n tó dé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè máa kà á nílé, kí wọ́n mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ìlà pẹ́ńsù ló wà lábẹ́ ibi tí ò yé wọn. Bébà tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Mo ní kí wọ́n lọ pa á mọ́, wọ́n sì pa á mọ́.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Ẹ gbà á, mádàámù," ni wọ́n wí. "Ẹ rọra o, nítorí ọwọ́ yín."

Iṣẹ́ máa jáde lọ́la. Wọ́n pè mí ní "ẹ", wọn ò pè mí ní "ọmọ mi" mọ́.