Àpò Òwú Ló Wà Láàárín Èmi àti Ọkọ Ọmọ Mi

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje

Lorinda ọmọ mi ló fi ẹ̀rọ yìí lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, pé ó sàn ju kí n máa bá ajá jà lọ. Mi ò mọ̀wé. Ẹnu ni mo ní. Mo ti sọ ẹ̀rọ náà ní Etí.

Etí, gbọ́. A ti kúrò ní Piñon, abúlé wa, láti àárọ̀ kùtù, inú sì ń bí mi. Àgbò oníwo mẹ́rin yẹn ló gbá Lorinda mọ́ ọgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n fi nǹkan funfun dì í, ó le bí òkúta. Kò lè wa ọkọ̀. Ọjà òwú irun àgùntàn wa kò sì lè dúró, torí ìgbà ooru nìkan ni àwọn ahunṣọ máa ń pe ìpàdé ńlá wọn. Ta ló kù tó máa wakọ̀? Ẹ̀yìn-Aṣọ ni.

Delmar, ọkọ rẹ̀, ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọmọ mi, ẹ̀yìn aṣọ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ìyàwó kì í wo ọkọ ọmọ, ọkọ ọmọ kì í wo ìyá ìyàwó, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wò, ojú rẹ̀ lè fọ́. Ìyá mi pa á mọ́ títí ó fi kú. Ojú rẹ̀ ríran dé òpin.

Nítorí náà wọ́n ta búláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ìjókòó iwájú. Àwọn méjèèjì wà níwájú. Èmi wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò òwú, bí ẹrù. Mo ní kó yí dígí inú ọkọ̀ sókè kó máa wo òrùlé. Ó yí i. Kò jiyàn. Àìjiyàn rẹ̀ tún bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje

A dé Fort Collins, níbi ìpàdé àkọ́kọ́. Ọ̀nà Colorado lọ ìbàdí mi kúnná bí àgbàdo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Keje

Gbọ̀ngàn tó tóbi ju pápá lọ. Àwọn obìnrin ahunṣọ ń wọlé, orúkọ wọn rọ̀ sọ́rùn wọn bíi ti màlúù ọjà. Àwa olùtajà wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á mú òwú mi, wọ́n á fi kan ọrùn wọn, wọ́n á ní, "Ṣé ó rọ̀?" Kò rọ̀. Kì í ṣe ọrùn la ran án fún. Ẹní ilẹ̀ ni, àti aṣọ ẹ̀yìn ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ní kí Lorinda sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé bó bá jẹ́ nǹkan rírọ̀ ló ń wá, kó lọ ra ológbò.

"Màmá, mi ò ní sọ ìyẹn."

Ohun mìíràn ló sọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra òwú. Ta ni mo wá ń bá jà?

Ọkùnrin tó ń ta òfì ìhunṣọ nítòsí wa ní irùngbọ̀n dé àyà. Irùngbọ̀n ni mo ń pè é. Ó bi Lorinda ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń wúkọ́ kó tó wọlé, tó sì máa ń sá bí mo bá wúkọ́ padà. Lorinda ṣàlàyé fún un. Irùngbọ̀n ní kí wọ́n bá òun gbé òfin náà dé ilé òun, pé ìyá ìyàwó òun ń bọ̀ wá lo oṣù kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje

Etí, mo gbọ́ nǹkan.

Ooru gbọ̀ngàn mú mi ní ọ̀sán. Mo lọ dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, lẹ́yìn búláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì wá jókòó síwájú láti jẹun. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ohùn Ẹ̀yìn-Aṣọ ni mo gbọ́. Lorinda ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mi ò gbọ́ tirẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ṣáà ti gbà. Ilé ìwòsàn Denver kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún màmá?"

Wúyẹ́wúyẹ́.

Ó ní, "Rárá. Màmá gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹrù tó di dídì."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ.

Ó ń kó ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí Denver. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílé. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló máa ń wá gbé ní ilé ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í wá tú ilé náà. Ta ni yóò máa da àwọn àgùntàn? Àbúrò mi tó ń ṣọ́ wọn báyìí, ikọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Láìsí àgùntàn kò sí irun. Láìsí irun, kí ni mo jẹ́? Arúgbó tó jókòó sójú fèrèsé.

N kò sì lè pariwo lé e lórí. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ mí, mi ò lè bú u lójú, mi ò lè bú u létí. Mo fi eyín fa àpò òwú kan ya.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje

Mo ní kí n dákẹ́, kí Lorinda fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé òun máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Denver kí dókítà lè wo ẹsẹ̀ òun, pé láti ibẹ̀ òun á máa lọ sílé.

Mo ní, "Piñon kò ní dókítà? Níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì?"

Ó ní, "Ti Denver mọ̀ ọ́n jù, Màmá." Ọ̀pá tó fi ń rìn ló ń wò.

"Èmi àti ta ni yóò wá lọ sí ìpàdé kejì ní Logan?"

"Ẹ̀yin àti Delmar."

"Kí ni n ó máa bá a sọ?"

"Ẹ má bá a sọ nǹkan kan. Ẹ ò ti ń ṣe é bọ̀ ni?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje

Wyoming. Afẹ́fẹ́ àti koríko. Kò sí ẹni tó máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín wa mọ́. Ẹ̀yìn-Aṣọ dúró níbi epo. Ó jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbóhùn sókè:

"Àpò òwú, a ti dé ibi epo. Mò ń lọ sẹ́yìn ilé yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní yára padà."

Àpò òwú ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ó lọ, ó pẹ́, ó wúkọ́, ó padà, a lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí ìtọ̀ fi mú mi dé eyín. Kí ni n ó ṣe? Mo kọjú sí àpò tó sún mọ́ mi jù lọ.

"Àpò òwú, sọ fún òmùgọ̀ yẹn kó dúró."

Ó dúró. Ó rìn lọ sínú koríko, ó kọ̀yìn sí ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ó máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje

Ọlọ́pàá dá wa dúró ní Utah. Mi ò gbọ́ gbogbo èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń bi í pé kí ló dé tí dígí rẹ̀ fi ń wo òrùlé. Ẹ̀yìn-Aṣọ ní ìyá ìyàwó òun ló wà lẹ́yìn. Ọlọ́pàá wo búláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní òun náà ìbá yí i sókè. Ó jẹ́ kí a máa lọ.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje

Ìpàdé ti Logan bẹ̀rẹ̀. Láìsí Lorinda, ta ni yóò túmọ̀? Kó tó di àárọ̀ Ẹ̀yìn-Aṣọ ti to gbogbo ọjà, ó gbé rọ́ọ̀gì ńlá tí mo hun kọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó wúkọ́, ó kúrò. Mo wọlé, mo jókòó. Ó wá gba ẹ̀yìn, ó dúró sí ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì náà.

Bí oníbàárà bá dé, á sọ tirẹ̀. Ohùn kan á jáde láti inú rọ́ọ̀gì: "Rọ́ọ̀gì, wọ́n ní ewé wo la fi pa ìyẹn láró?" Èmi á dá rọ́ọ̀gì lóhùn. Rọ́ọ̀gì á wá sọ èdè òyìnbó. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè yọjú sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́.

Èyí tó tún béèrè pé ṣé ó rọ̀, mo ní, "Rọ́ọ̀gì, sọ fún un pé àgùntàn ni, kì í ṣe ìrọ̀rí." Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gùn ju ohun tí mo sọ lọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ méjì nínú rẹ̀. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà ra odidi àpò kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje

Ọjà tà ju ti Fort Collins lọ. Inú ń bí mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje

À ń bọ̀ nílé. A ti kọjá Moab, ilẹ̀ ti pọ́n bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ pọ́n. Àpò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Àpò òwú, bi í léèrè, kí ni mo fi ṣe é tó fi fẹ́ kó ọmọ mi lọ sí Denver?"

Ọkọ̀ dín eré kù.  

"Àpò òwú, sọ fún màmá pé kì í ṣe èmi. Lorinda fúnra rẹ̀ ló wá iṣẹ́ náà. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà òtútù pé kó sọ fún wọn. Ó ní ẹ̀rù wọn ń ba òun."

"Irọ́ ni. Ẹ̀rù mi kì í ba ẹnikẹ́ni."

"Àpò òwú, ó ń ba èmi náà. Ọkọ̀ tí mò ń wà ni kò jẹ́ kí n sá."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé torí ẹsẹ̀ ló ṣe lọ sí Denver?"

Ó ní, "Ó lọ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà ni."

Ó gbàgbé àpò. Èmi gan-an ló dá lóhùn. Ó dà bí ẹni pé àwo fọ́ láàárín wa.

Nígbà tó yá mo ní, "Àpò òwú, òun náà ńkọ́? Ṣé yóò tẹ̀ lé e?"

A kọjá Kayenta. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àpò òwú, bí ìgbà òtútù bá dé, ta ni yóò máa lọ fi ọkọ̀ gbé omi wá fún àwọn àgùntàn yẹn?"

Mo ní mi ò ní kó gbé omi fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje

Lorinda ti wà nílé kí a tó dé. Ó ń fọ abọ́.

Mo ní, "Ìwọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O jẹ́ kí n máa ṣépè fún ọkọ rẹ láti Wyoming dé Utah."

"Ọjọ́ ìgbéyàwó lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wyoming kọ́."

Mo ní kó sọ ohun tí mo fi ṣe é. Ó ní mi ò fi nǹkan kan ṣe òun. Ó nu abọ́ kan ṣoṣo títí.

"Màmá, bí mo bá dúró, n ó di ẹ̀yin."

"Kí ló burú nínú èmi?"

 Abọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń fọ èyí tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje

Mi ò bá Lorinda sọ̀rọ̀. Ẹran àgùntàn ni mo sè, mo gbé tirẹ̀ sílẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ

Lorinda lọ lónìí. Wọ́n ti tú nǹkan funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó pè mí. Mo wà nídìí òfì, mo ń gbá òwú mọ́lẹ̀ kíkankíkan kó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Mi ò jáde.

Ẹ̀yìn-Aṣọ kò bá a lọ. Ó ní òun á dúró títí a ó fi ta àwọn ọ̀dọ́ àgbò, òun á wá lọ bá a. Ó sọ fún àbúrò mi pé kì í ṣe nítorí mi. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ

Lorinda pè. Fóònù ọkọ rẹ̀ ti bọ́ sínú ọpọ́n omi àwọn àgùntàn, tèmi ló pè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún Delmar."

 Mo gbé fóònù náà lọ sídìí ọgbà, mo gbé e lé orí òpó, mo wúkọ́, mo kọ̀yìn. Ó yẹ kí n rìn kúrò. Mi ò rìn kúrò.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n jẹun. Rárá, inú wọn ò tíì rọ̀." Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ohun tí mo sọ. Lẹ́yìn ọjà àgbò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúrò, bí wọ́n bá ṣubú nínú yìnyín, ta ni yóò gbọ́?" Ó tún gbọ́. Ó pẹ́. "Nígbà náà, Lorinda, bó bá jẹ́ pé o ò lè dúró dè mí, sọ ọ́ kí n gbọ́."

 Mo gbọ́ tó gbé fóònù padà sórí òpó. Mo ń retí kó wúkọ́, kó lọ, kí n lè yí padà. Kò wúkọ́. Kò lọ. Ó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù sókè tí kò rí ibi tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Mo dúró. Oòrùn wà lórí mi. Àwọn àgùntàn ń ya koríko.

Mo ní, "Òpó, sọ fún un kó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Kó lọ lónìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ bí mo ṣe ń ṣubú." Mo fi ìbínú sọ ọ́. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìbínú ni.

 Mo di ojú mi, mo fi ọwọ́ wá fóònù náà lórí òpó, mo mú un, mo wọlé.

Mo ti jókòó sídìí òfì láti ìgbà náà. Mi ò hun nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òwú wà lọ́wọ́ Ẹ̀yìn-Aṣọ. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, Etí, mi ò tíì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì.